Ṣé O Mọ̀? Bi Ẹni Tí Kò Sí Níbẹ̀ Léèrè

Ṣé o mọ̀ pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú tí kò padà wálé ló kọ́ onímọ̀ ìṣirò kan ní ibi tó yẹ kí wọ́n fi irin bò lára àwọn tó padà? Abraham Wald lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní ìlú Cluj, tó wà ní Ròmáníà lónìí. Júù ni, ìjọba Hitler ló sì lé e kúrò ní Austria ní 1938, tó fi forí lé Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì Columbia ní New York ló ti dara pọ̀ mọ́ àwọn oníṣirò tó ń bá àwọn ológun ṣiṣẹ́.

Àwọn ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù ń ti ojú ogun bọ̀, ihò ọta sì wà lára wọn káàkiri. Irin ààbò wúwo. Ẹ ò lè fi bo gbogbo ara ọkọ̀ kó tún fò bó ṣe yẹ, ẹ gbọ́dọ̀ yan ibi tẹ́ ẹ máa fi sí. Ihò pọ̀ lára ìyẹ́ àti ikùn ọkọ̀, ó kéré nídìí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sáré wò ó á ní kí wọ́n fi irin sí ibi tí ihò pọ̀ sí. Wald wò ó láti ibòmíì. Ọkọ̀ tó délé nìkan ni wọ́n ń ka ihò ara wọn. Ihò tó wà lára ìyẹ́ kò dá ọkọ̀ wọ̀nyẹn dúró, ó túmọ̀ sí pé ìyẹ́ lè fara gba ọta kí ọkọ̀ sì délé. Àwọn tí ọta bá ní ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Wọ́n ti já lulẹ̀ sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa ka ihò tiwọn. Ibi tí ihò kò pọ̀ sí lára àwọn tó délé gan-an ni kí wọ́n dáàbò bò. Ọdún 1943 ló kọ ọ̀nà ìṣirò náà sílẹ̀ fún àwọn ológun.

Mo máa ń rántí Wald nígbà tí mo bá rí fọ́tò ọ̀dọ́ wa kan lórí Facebook, tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Líbíà, tó wá ń rẹ́rìn-ín láàárín ìgboro kan ní Ítálì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé á wò ó, wọ́n á ní ọ̀nà yẹn ṣeé gbà. Ẹni tó débẹ̀ ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tí iyanrìn bò mọ́lẹ̀ kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Bí ìyá kan bá bi ọmọ rẹ̀ pé, “Àwọn tá ò gbúròó wọn mọ́ ńkọ́?”, iṣẹ́ tí Wald ṣe ni ìyá yẹn ń ṣe, kí ọmọ náà jọ̀ọ́ jókòó gbọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọtí bíà wà lára ohun tó tú àṣírí àrùn onígbáméjì? Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1854, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní London, èèyàn 616 ló sì kú kó tó rọlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn gbà ni pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń gbé e kiri. Dókítà John Snow fura sí omi. Ó fi àmì sí ilé àwọn tó kú lórí máàpù, àmì náà sì ṣù yí ẹ̀rọ omi kan ká ní òpópónà Broad Street.

Máàpù yẹn ni wọ́n máa ń yìn jù. Èmi rò pé ohun tó tóbi jù tí Snow ṣe ni pé ó lọ wádìí àwọn tí kò kú. Ilé ìpọntí kan wà ní Broad Street kan náà, òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 70, àrùn ọ̀hún kò sì pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀gá ilé ìpọntí ṣàlàyé fún un pé bíà ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìní kan wà nítòsí tí èèyàn 535 ń gbé. Márùn-ún péré ló kú níbẹ̀, kànga tiwọn làwọn náà ń lò. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí pẹ̀lú àwọn tó ń kú láyìíká wọn. Ẹ wá wo obìnrin kan tó kú ní Hampstead, ibi tó jìnnà sí Soho dáadáa. Ọ̀pọ̀ oṣù ló ti lò láìdé àdúgbò náà, àmọ́ omi Broad Street ló wù ú mu jù, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan sì ń bá a gbé ìgò ńlá kan wá lójoojúmọ́. Ẹni tó yẹ kó kú tí kò kú, àti ẹni tí kò yẹ kó kú tó kú: àwọn wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí Snow. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kúrò.

Ní Vienna, ọdún méje ṣáájú èyí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé ìwòsàn gan-an ni ikú ti ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin kan tó bímọ sójú títì bọ́ lọ́wọ́ ibà tó ń pa àwọn tó bímọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń ṣiṣẹ́ ní àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí ló wà ní èkejì. Ní 1846, nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó bímọ ní ẹ̀ka àwọn dókítà, ó lé ní 11 tó kú. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, kò pé 3. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àwọn aboyún ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ dúró títí wọ́n fi bí sójú ọ̀nà, kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé. Ignaz Semmelweis, dókítà ọmọ Hungary tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kíyè sí i pé àwọn tó bí sójú ọ̀nà kì í sábàá ní ibà náà. Kí ló dé tí títì fi sàn ju ibùsùn ilé ìwòsàn lọ?

Ó yẹ èrò afẹ́fẹ́ wò, ó yẹ ọ̀rọ̀ èrò púpọ̀ nínú yàrá wò, kò bá a mu. Ní oṣù Kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ gé e nígbà tí wọ́n ń yẹ òkú wò, àìsàn tó pa á sì jọ èyí tó ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni ojú Semmelweis ti là. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ti yàrá òkú bọ́ sí ọ̀dọ̀ aboyún. Àwọn agbẹ̀bí kì í dé yàrá òkú. Ọwọ́ tó wá gba ẹ̀mí là ni ọwọ́ tó ń gbé ikú wọlé. Ní oṣù Karùn-ún, ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi oníkilorínì fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan aboyún. Ní oṣù Kẹrin, àwọn tó kú lé ní 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, wọ́n ti dín sí nǹkan bíi 2.

Ó yẹ kí gbogbo ayé gbé e lárugẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìṣègùn kọ̀ jálẹ̀, nítorí láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ kó sì gbà pé òun lòun pa ìyá tí òun fẹ́ gbà là. Ojú ìwòye yẹn le láti gbé wọ̀. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu dá wọn lẹ́bi, síbẹ̀ ìyá tó kú ní ọdún wọ̀nyẹn nítorí ìgbéraga pọ̀, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí wọn. Semmelweis kú sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní 1865, ẹni ọdún 47.

Ọ̀rọ̀ máàpù kò le tó ìyẹn, àmọ́ ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n. Ọba Roger Kejì ti Sicily ní kí Muhammad al-Idrisi ya máàpù ayé fún òun, ó sì parí rẹ̀ ní 1154. Gúúsù ló wà lókè nínú rẹ̀. Àwọn Kristẹni Yúróòpù ayé ìgbà náà, ìlà oòrùn làwọn ń gbé sókè, torí ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé Párádísè wà. Àwọn èèyàn ló yan àríwá fún òkè nígbà tó yá. Kò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ lójú ọ̀run. Fọ́tò ayé tó lókìkí jù, èyí tí àwọn tó wà nínú Apollo 17 yà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1972, gúúsù ló wà lókè bí wọ́n ṣe yà á: yìnyín Antarctica wà lórí, Áfíríkà wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí i po kí wọ́n tó gbé e jáde, kó lè bá ohun tí ojú ti mọ̀ mu.

Máàpù Mercator ti 1569 sì wà níbẹ̀. Àwọn atukọ̀ ojú omi ló wà fún, kí wọ́n lè fi ìlà gbọọrọ kan mọ ibi tí wọ́n máa darí ọkọ̀ sí, ó sì wúlò fún wọn gan-an. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé sí ni máàpù yìí ń fẹ̀ ẹ́ sí. Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó Áfíríkà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 14 tóbi ju Greenland lọ. Ó dùn mí pé irú máàpù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi há ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, tí ọmọ ń ti ibẹ̀ kọ́ bí ilẹ̀ baba rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí òfin kankan tó ní kí ẹni tó ń díje nínú fífò sókè dojú kọ ọ̀pá tó fẹ́ fò kọjá? Ohun tí òfin béèrè ni pé kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ta. Ní Òlíńpíìkì Mexico City ní 1968, Dick Fosbury, ọmọ Amẹ́ríkà ẹni ọdún 21, sáré yípo, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá, ó fò ó ní mítà 2.24, ó sì gba wúrà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ lórí ọ̀pá, ibi tí ìwúwo ara rẹ̀ parapọ̀ sí lè gba abẹ́ ọ̀pá kọjá nígbà tí ara rẹ̀ ń gba òkè. Tìmùtìmù fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn ló mú kó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fi ọrùn balẹ̀ sórí iyanrìn bíi ti àtijọ́ kò ní dìde láyọ̀. Bí Fosbury ṣe fò ó ni àwọn ọ̀jẹ̀ ń fò ó títí dòní.

Nílẹ̀ tiwa, ta ni kò gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn pààlà, tí Èṣù gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tó dúdú lápá kan, tó pupa lápá kejì? Ọ̀kan ní fìlà dúdú lòun rí, ìkejì ní pupa ni, wọ́n jà débi tí ọ̀rẹ́ fi tú. Èṣù ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ní ẹsẹ̀, ààlà kan ló wà láàárín wọn, kò sì sí èyí tó rékọjá sínú oko ẹnìkejì láti wo ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Bí mo bá ń pa ìtàn yìí fún ọmọdé, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Irú fìlà Èṣù bẹ́ẹ̀ wà nínú ọjà wa. Ṣé o mọ̀ pé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ti Yorùbá àti ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn Igbo kò fi ọjọ́ kan jura wọn lọ? Igbo ka Eke, Orie, Afọ, Nkwọ, mẹ́rin pé, Eke tún dé. Yorùbá ka ọjọ́ tí ọjà ń lọ lọ́wọ́ mọ́ ọn: òní ni kìíní, ọ̀la ni kejì, ọ̀túnla ni kẹta, títí ọjà á fi tún ná ní ọjọ́ karùn-ún. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ní ọjà tí wọ́n fi iye mẹ́sàn-án sọ lórúkọ, tí àwa òde òní á ka ọjọ́ mẹ́jọ sí. Àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ tó ń sọ Faransé ní Benin mọ irú kíkà yìí dáadáa, torí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ méjì. Jésù náà kú ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jí ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ní ọjọ́ kẹta ló pé. Bí ìyá àgbà ọlọ́jà wa kan ṣe máa kà á nìyẹn.

Ọ̀nà tiwa náà la fi ń ka iye bíi 45. Ẹlòmíì á gun ogójì, á fi márùn-ún kún un. Yorùbá á dúró lórí àádọ́ta, á yọ márùn-ún kúrò, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí wọ́n ti yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Láti òkè la ti ń wo iye.

Ṣé o mọ̀ pé ẹrú ọmọ Áfíríkà kan ló kọ́ àwọn òyìnbó Boston ní ohun tí wọ́n máa ṣe sí ṣọ̀pọ̀nná? Onesimus ni wọ́n ń pè é. Ní 1706 ni àwọn ọmọ ìjọ fi í ta pásítọ̀ wọn, Cotton Mather, lọ́rẹ, bí ẹni fúnni ní ẹrù. Nígbà tí Mather bi í bóyá ṣọ̀pọ̀nná ti mú un rí, ó ṣàlàyé pé nílé àwọn, wọ́n máa ń mú oje ara ẹni tó ní in, wọ́n á fi sí ojú gbẹ́rẹ́ lápá ẹni tí ara rẹ̀ le, àrùn náà kò sì ní lè pa onítọ̀hún mọ́. Ó fi àpá ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná dé Boston ní 1721, Dókítà Zabdiel Boylston ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn tó lé ní 240. Mẹ́fà ló kú nínú wọn. Nínú àwọn tó mú lásán, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Inú bí àwọn ará ìlú débi tí ẹnì kan fi ju bọ́ǹbù gba fèrèsé wọ ilé Mather. Ìmọ̀ náà ti wà nínú ilé láti ọdún yìí wá, lára ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ka onítọ̀hún sí ẹni tó lè mọ nǹkan.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbà mú àrùn ọ̀hún kúrò láyé pátápátá, ilẹ̀ Nàìjíríà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa kì í dárúkọ ṣọ̀pọ̀nná lásán. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀-gbígbóná, torí ẹ̀rù rẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ ni pé kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ará ìlú, ó kéré tán. Ní oṣù Kejìlá 1966, ìròyìn dé etí William Foege, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Nàìjíríà, pé ṣọ̀pọ̀nná ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja. Abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè kárí.

Foege kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn fi ara àwọn sí ipò àrùn ọ̀hún: bó bá jẹ́ àwọn ni ṣọ̀pọ̀nná, ibo làwọn máa gbà kí ìran àwọn má bàa parun? Ìbéèrè yẹn yí gbogbo nǹkan padà. Wọn ò béèrè iye ará ìlú mọ́. Ní alẹ́, wọ́n lo rédíò tí àwọn míṣọ́nárì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n pín agbègbè náà lórí máàpù, wọ́n ní kí olúkúlùkù rán èèyàn lọ sí gbogbo abúlé tó yí i ká, kó wo ibi tí àrùn wà. Nígbà tí ìròyìn pé, wọ́n gún abẹ́rẹ́ fún àwọn ará abúlé tó ti ní in. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè ọjà tí àwọn ará ibẹ̀ ń ná àti ibi tí ẹbí wọn ń gbé, wọ́n sì lọ gún abẹ́rẹ́ níbẹ̀ kí àrùn tó dé. Foege ti bá wọn pa iná igbó rí nígbà èwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó mọ̀ pé iwájú iná ni wọ́n ti ń gé igbó, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ wa ṣe máa ń ro yí oko ká kó tó ṣáná sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó parí ní Ogoja, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ará agbègbè náà kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n ṣe é káàkiri Ìlà Oòrùn kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967. Ọ̀nà yìí tàn dé ilẹ̀ Áfíríkà yòókù, ó dé Íńdíà.

Ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná mú kẹ́yìn láìṣe láti ilé àyẹ̀wò ni Ali Maow Maalin, alásè ilé ìwòsàn kan ní Merca, ní Somalia, ní oṣù Kẹwàá 1977. Ó ti sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́lẹ̀ torí ìrora rẹ̀. Àwọn oníṣègùn gún abẹ́rẹ́ fún èèyàn tó lé ní 50,000 yí i ká, ara rẹ̀ yá, ní oṣù Karùn-ún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ti tán láyé. Nígbà tí àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé Somalia, Maalin wà lára àwọn tó ń kiri ojúlé, ó ń sọ fún àwọn òbí tó kọ̀ ọ́ pé òun náà ti sá fún abẹ́rẹ́ rí, ó sì ń ṣàlàyé ohun tí ojú òun rí. Ibà ló pa á ní oṣù Keje 2013, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.